Ta Ni Yóò Gbé Áàpù Náà Dé Ọwọ́ Oníbàárà?

Ní ìparí oṣù Keje lọ́dọọdún, pápákọ̀ òfurufú ìlú Oshkosh, ní ìpínlẹ̀ Wisconsin ní Amẹ́ríkà, máa ń kún fọ́fọ́. Àjọ̀dún àwọn awakọ̀ òfurufú tí wọ́n ń pè ní AirVenture ló ń kó wọn jọ. Nǹkan bí 10,000 ọkọ̀ òfurufú ló ń balẹ̀ sí Oshkosh àti agbègbè rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Àwọn mìíràn tiẹ̀ ń pàgọ́ sábẹ́ apá ọkọ̀ wọn, ibẹ̀ ni wọ́n sì ń sùn. Ilé iṣẹ́ ForeFlight wà lára àwọn tó ń pàtẹ ọjà níbẹ̀. Áàpù ni wọ́n ń tà, èyí tí awakọ̀ òfurufú fi ń wo máàpù ojú sánmà, bí ojú ọjọ́ ṣe rí, àti bí wọ́n ṣe ń balẹ̀ sí pápákọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí kì í wa ọkọ̀ òfurufú kò ní ohun tó fẹ́ fi ṣe.

Tyson Weihs àti Jason Miller ló dá ilé iṣẹ́ náà sílẹ̀ ní 2007, ní ìlú Houston. Wọn ò ṣe é fún gbogbo fóònù. iPad àti iPhone nìkan ni, torí iPad ni ọ̀pọ̀ awakọ̀ òfurufú ń so mọ́ itan bí wọ́n bá ti jókòó sídìí ọkọ̀. Ọ̀fẹ́ ni gbígbé áàpù náà sórí ẹ̀rọ láti ilé ìtajà Apple. Owó ìforúkọsílẹ̀ ọdọọdún ni wọ́n ń jẹ, ìkànnì tiwọn ni wọ́n sì ti ń tà á. Ní 2019, Boeing ra ilé iṣẹ́ náà. Bí áàpù bá wà lórí ilé ìtajà tí gbogbo ayé lè dé, kí ni wọ́n tún ń wá lọ sórí koríko Oshkosh? Awakọ̀ òfurufú ni wọ́n ń wá, ibẹ̀ sì ni awakọ̀ òfurufú pọ̀ sí.

Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń ṣe áàpù fún àwùjọ kékeré kì í bi ara rẹ̀ ní irú ìbéèrè yẹn títí owó á fi tán. Wọ́n á lo ọdún kan gbáko lórí iṣẹ́ náà, wọ́n á gbé e sórí Google Play, wọ́n á fi líǹkì rẹ̀ sórí Facebook, wọ́n á wá jókòó máa wojú ọ̀nà.

Nígbà tí Apple ṣí ilé ìtajà áàpù rẹ̀ ní ọjọ́ 10 oṣù Keje 2008, nǹkan bí 500 áàpù ló wà níbẹ̀. Ẹni tó bá ní sùúrù lè wo gbogbo wọn tán. Android Market, tó di Google Play ní 2012, tẹ̀ lé e lọ́dún kan náà. Lónìí, àwọn áàpù tó wà lórí àtẹ méjèèjì ti wọ àràádọ́ta ọ̀kẹ́. Ilé ìtajà áàpù ti wá dà bí ilé ìkẹ́rùsí ní Apapa: ẹrù wà níbẹ̀, ìwé rẹ̀ pé, ẹ̀ṣọ́ wà lẹ́nu géètì, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń lọ Apapa lọ ra iyọ̀ ọbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú áàpù kan tí wọ́n ṣe fún àwọn télọ̀. Ó ń tọ́jú ìwọ̀n oníbàárà, ó ń ránni létí ọjọ́ tí aṣọ gbọ́dọ̀ jáde, ó sì ń ka gbèsè tó wà lọ́rùn oníkálukú. Nǹkan tó wúlò ni. Ṣùgbọ́n télọ̀ tó ti ń kọ ìwọ̀n sínú ìwé ẹlẹ́yìn páálí láti ogún ọdún kì í ṣàdédé jí lówùúrọ̀ kó ní òun ń wá áàpù ìwọ̀n. Ohun tí ènìyàn ò mọ̀ pé ó wà, báwo ló ṣe fẹ́ tẹ orúkọ rẹ̀ síbi ìwárí? Bó bá tiẹ̀ tẹ "télọ̀", eré tí àwọn ọmọdé fi ń wọṣọ fún bèbí ni yóò kọ́kọ́ jáde sí i.

Síbẹ̀, kò sẹ́ni tó lè fojú di ilé ìtajà yìí. Áàpù tó bá wà lórí Play ti ní ìwọ̀n ìgbàgbọ́ kan lójú aráàlú, ẹ̀yà tuntun sì ń dé sórí fóònù láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni sáré kiri. Google ń gba dọ́là 25 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ ṣí àkántì; Apple ń gba dọ́là 99 lọ́dọọdún. Owó yẹn kì í ṣe òkè ìṣòro, bí a ó ṣe san án ló ti di wàhálà rí. Ní 2022, nígbà tí báǹkì kan tẹ̀ lé òmíràn ní Nàìjíríà ń dá lílo káàdì náírà lókè òkun dúró, dọ́là 25 di ohun tí ènìyàn ń bẹ ẹ̀gbọ́n tó wà ní London pé kó bá òun san. Àwọn mìíràn tiẹ̀ ní kí ẹ̀gbọ́n kúkú forúkọ ara rẹ̀ ṣí àkántì náà. Ìyẹn kò dára rárá, torí ẹni tí orúkọ rẹ̀ bá wà lórí àkántì ni Google mọ̀ sí ẹni tó ni áàpù. Bí ìjà bá dé, tàbí tí ẹ̀gbọ́n bá gbàgbé páásíwọ́ọ̀dù, iṣẹ́ ti bọ́ mọ́ ẹni tó ṣe áàpù lọ́wọ́ nìyẹn.

Ẹni tó bá fẹ́ forúkọ ilé iṣẹ́ ṣí àkántì gbọ́dọ̀ ní nọ́ńbà D-U-N-S, oníhóró mẹ́sàn-án, tí ilé iṣẹ́ Dun & Bradstreet ń fúnni. Orúkọ tó wà lórí ìwé CAC, ìyẹn ìwé ìforúkọsílẹ̀ ilé iṣẹ́ ní Nàìjíríà, gbọ́dọ̀ bá èyí tó wà lọ́dọ̀ wọn mu. Fún aládàáni tó bá ṣí àkántì lẹ́yìn oṣù Kọkànlá 2023, Google gbé òfin mìíràn kalẹ̀: ènìyàn 20 gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dán áàpù náà wò fún ọjọ́ 14 léraléra kí wọ́n tó gbà á síta. Ní ìparí 2024, wọ́n dín in kù sí 12. Ọ̀pọ̀ ló ń kùn sí òfin yìí. Lójú ẹni tó ń ṣe áàpù fún àwùjọ kékeré, oore ni wọ́n ṣe é. Ẹni tí kò bá rí télọ̀ 12 tí yóò lo áàpù rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì kò tíì ní ọjà tó fẹ́ tà. Ó sàn kó mọ̀ báyìí ju kó mọ̀ lọ́dún tó ń bọ̀.

Ti Apple tún yàtọ̀. Ènìyàn ẹlẹ́ran ara ló ń yẹ áàpù wò níbẹ̀, onítọ̀hún kò sì mọ ìyàtọ̀ láàárín bùbá àti dàńṣíkí. Bó bá ṣí áàpù tó rí ojúewé tó ń bèèrè páásíwọ́ọ̀dù, tí kò sì ní èyí tó fẹ́ tẹ̀ síbẹ̀, yóò dá a padà. Ìdí nìyí tí àwọn tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ yìí fi máa ń ṣe àkántì àfihàn sílẹ̀ fún un, tí wọ́n á kó orúkọ oníbàárà àti ìwọ̀n wọn kún inú rẹ̀, tí wọ́n á sì kọ àlàyé ṣókí nípa ohun tí áàpù náà wà fún àti ẹni tó ń lò ó. Ọ̀fìn mìíràn tún wà tí àwọn tó ń ta áàpù fún ẹgbẹ́ oríṣiríṣi máa ń jìn sí. Bí ènìyàn bá ṣe áàpù kan ṣoṣo, tó wá ń pààrọ̀ orúkọ àti àmì orí rẹ̀ fún ẹgbẹ́ télọ̀ Ìbàdàn, ti Abẹ́òkúta, ti Oṣogbo, Apple kò ní gbà á. Òfin wọn ní kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan fi àkántì tirẹ̀ gbé e wá, tàbí kí gbogbo wọn wà nínú áàpù kan náà, kí oníkálukú wá mú ẹgbẹ́ tirẹ̀ níbẹ̀.

Nípa ti owó, gbogbo ayé ló ti gbọ́ nípa ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún tí àwọn ilé ìtajà wọ̀nyí ń gbà lórí ohun tí wọ́n bá tà nínú áàpù. Láti 2021, ìdá 15 ni Apple ń gbà lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ kékeré tó bá wọ ètò rẹ̀ tí owó tó ń wọlé fún un lọ́dún kò tíì kọjá mílíọ̀nù kan dọ́là, Google náà sì ń gba ìdá 15 lórí mílíọ̀nù kan dọ́là àkọ́kọ́. Ohun tí àwọn ènìyàn kì í sábà kà dójú ìlà ni pé owó aṣọ, oúnjẹ tàbí iṣẹ́ ọwọ́ kò sí lára ohun tí wọ́n ń gé. Bákan náà, Apple gbà kí ẹni tó ta áàpù tààrà fún ilé iṣẹ́, kí àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ lè lò ó, gba owó rẹ̀ níta. Ṣùgbọ́n télọ̀ kan ṣoṣo tó ń sanwó fún ara rẹ̀ kò sí lábẹ́ àǹfààní yẹn. Ìyàtọ̀ kékeré yìí ló ń pinnu bóyá ilé iṣẹ́ ni ènìyàn yóò tà fún tàbí ẹnì kọ̀ọ̀kan, ó sì yẹ kó ti yé e kó tó fi iye sórí ọjà.

Àwọn áàpù kan wà tí kò tiẹ̀ yẹ kí ará ìta rí. Ilé iṣẹ́ omi inú ike tó ní dẹ́rẹ́bà 60 lè fẹ́ áàpù tí àwọn dẹ́rẹ́bà náà nìkan yóò máa lò. Lórí iPhone, ọ̀nà tó kéré jù ni Ad Hoc, tí kì í gbà ju fóònù 100 lọ láàárín ọdún kan, tí ènìyàn sì gbọ́dọ̀ kọ nọ́ńbà ìdánimọ̀ fóònù kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ ṣáájú. TestFlight gba tó 10,000 ènìyàn, nǹkan ìdánwò ni wọ́n sì ṣe é fún, ṣùgbọ́n àwọn kan ti sọ ọ́ di ọjà. Ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá gbé síbẹ̀ kì í kọjá ọjọ́ 90. Bí ẹni tó ni áàpù bá gbàgbé, tàbí tó lọ sí òkú àgbà lábúlé tí kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ọjọ́ kan náà ni áàpù yóò kú mọ́ gbogbo oníbàárà rẹ̀ lọ́wọ́.

Ọ̀nà kan tún wà tí ọ̀pọ̀ rò pé àbùjá ni: ìwé ẹ̀rí tí Apple ń fún ilé iṣẹ́ ńlá kí wọ́n lè gbé áàpù sórí fóònù òṣìṣẹ́ wọn láìgba ilé ìtajà kọjá. Dọ́là 299 ni lọ́dún, ilé iṣẹ́ náà sì gbọ́dọ̀ ní òṣìṣẹ́ tó tó 100. Áàpù ọ̀hún kò gbọ́dọ̀ dé ọwọ́ ẹni tí kì í ṣe òṣìṣẹ́. Ní oṣù Kìíní 2019, ìròyìn TechCrunch tú àṣírí pé Facebook ń fi ìwé ẹ̀rí yìí pín áàpù kan tó ń jẹ́ Facebook Research fún ará ìta, àwọn ọmọ ọdún 13 sí ẹni ọdún 35, tí wọ́n ń san tó 20 dọ́là lóṣù fún wọn kí wọ́n lè máa wo ohun tí wọ́n ń ṣe lórí fóònù. Lọ́jọ́ kejì, Apple gba ìwé ẹ̀rí náà. Gbogbo áàpù inú ilé Facebook ló kú lẹ́ẹ̀kan náà, títí kan èyí tí àwọn òṣìṣẹ́ fi ń wo àkókò tí bọ́ọ̀sì wọn ń gbéra àti oúnjẹ ọ̀sán tó wà. Ìyà kan náà jẹ Google ní ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, nítorí irú áàpù kan bẹ́ẹ̀. Kò pẹ́ tí Apple fi dá ìwé ẹ̀rí àwọn méjèèjì padà. Àmọ́ Facebook àti Google ni wọ́n! Ilé iṣẹ́ kékeré tó bá dán irú rẹ̀ wò, ta ni yóò gbé fóònù rẹ̀?

Ẹni tó bá ń tà fún ilé iṣẹ́ ní ọ̀nà tó mọ́ ju ìyẹn lọ. Láti orí Apple Business Manager, tó jáde ní 2018, ènìyàn lè ṣe áàpù tí ilé iṣẹ́ kan tàbí méjì péré yóò rí. Láti 2022, Apple tún gbà kí áàpù wà lórí ilé ìtajà láìjẹ́ pé ó jáde níbi ìwárí; ẹni tí a bá fi líǹkì rẹ̀ ránṣẹ́ sí nìkan ló lè rí i. Wọ́n ṣì ń yẹ̀ ẹ́ wò bí wọ́n ṣe ń yẹ àwọn yòókù wò, ṣùgbọ́n kì í pa lẹ́yìn ọjọ́ 90, kò sì ní ìwé ẹ̀rí tí wọ́n lè gbà lójijì. Ó yani lẹ́nu bí àwọn tó mọ̀ nípa rẹ̀ ṣe kéré tó.

Google náà ní ilé ìtajà abẹ́nú fún ilé iṣẹ́. Bí fóònù bá jẹ́ ti ilé iṣẹ́, iṣẹ́ tún rọrùn sí i: bí wọ́n bá mú fóònù tuntun jáde nínú páálí, wọ́n á fi ìka kan ojúewé ìkíni-káàbọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹfà léraléra, fóònù yóò bèèrè QR code, wọ́n á gbé e síwájú èyí tí wọ́n ti tẹ̀ sórí ìwé, gbogbo áàpù tí dẹ́rẹ́bà nílò yóò sì wọlé fúnra wọn. Ẹni tí kò rí i rí lè rò pé oògùn ni.

Ṣùgbọ́n fóònù télọ̀ kì í ṣe ti ilé iṣẹ́ kankan. Android ni, Tecno tàbí Infinix tàbí itel, tí ilé ìtajà áàpù Palm Store ti wà lórí rẹ̀ kí ó tó rà á, dátà orí rẹ̀ sì ni ó ń ṣọ́ lò. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò rí ohun tó burú nínú kí áàpù máa rìn láti ọwọ́ dé ọwọ́. Ọ̀dọ́ méjì á jókòó ti ara wọn, wọ́n á ṣí Xender, áàpù á kọjá láti fóònù kan sí èkejì láìná kọ́bọ̀ dátà. Tàbí kí wọ́n fi APK rẹ̀, ìyẹn fáìlì tí a fi ń gbé áàpù sórí Android, ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Fún ẹni tó ń pín áàpù, ọ̀nà yìí dùn bí oyin: kò sí Google, kò sí dọ́là, kò sí ìdúró.

Oró wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ wo FMWhatsApp, ayédèrú WhatsApp tí ọ̀pọ̀ ń gbà lọ́wọ́ ara wọn. Ní oṣù Kẹjọ 2021, ilé iṣẹ́ Kaspersky rí kòkòrò kan tí wọ́n ń pè ní Triada nínú ẹ̀yà rẹ̀ kan, tó lè gbé áàpù burúkú mìíràn wọlé, kó sì máa ná owó orí láìnì lẹ́yìn oní-fóònù. Àwọn áàpù ayánilówó náà ti ba ọjà jẹ́. Nígbà tí FCCPC, àjọ tó ń dáàbò bo oníbàárà ní Nàìjíríà, gbé ìlànà kalẹ̀ fún wọn ní 2022, Google ní ẹni tí kò bá ní ìwé àṣẹ àjọ náà kò gbọ́dọ̀ gbé irú áàpù bẹ́ẹ̀ sórí Play ní Nàìjíríà. Láti ìgbà náà, bí ènìyàn bá gba APK lórí WhatsApp láti ọwọ́ ẹni tí kò mọ̀, ohun tí yóò kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn ni àwọn tó ń fi àwòrán onígbèsè ránṣẹ́ sí ìyá àti àna rẹ̀. Áàpù télọ̀ tó gba ọ̀nà yẹn wọlé yóò bá wọn pín nínú ẹ̀gàn tí kò mọ ohunkóhun nípa rẹ̀.

Ọ̀nà náà tún fẹ́ dín sí i. Ní oṣù Kẹjọ 2025, Google kéde pé láti oṣù Kẹsàn-án 2026, ní orílẹ̀-èdè mẹ́rin tí Brazil wà lára wọn, áàpù tí ẹni tó ṣe é kò bá tíì fi ara rẹ̀ hàn fún Google kò ní wọ orí fóònù Android tó ní àṣẹ wọn, ìbáà gba orí WhatsApp wọlé. Wọ́n ní yóò tàn dé ibi yòókù láti 2027. Ariwo pọ̀ lórí rẹ̀, Google sì ti ní àwọn yóò fi ọ̀nà kan sílẹ̀ fún àwọn tó mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń kọ́ ilé iṣẹ́ sórí APK nìkan báyìí mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ.

Ìṣòro APK tí kò láriwo jù, tó sì ń pa ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ kékeré, ni ti ẹ̀yà tuntun. Gbígbé áàpù dé ọwọ́ ènìyàn lẹ́ẹ̀kan kò tó. Àtúnṣe náà gbọ́dọ̀ máa dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ 28 oṣù Kẹrin 2015, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ òfurufú American Airlines kò lè gbéra. Áàpù tí àwọn awakọ̀ fi ń wo máàpù lórí iPad ló ń kú mọ́ wọn lọ́wọ́, nítorí máàpù pápákọ̀ Reagan ní Washington wọnú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Kí wọ́n pa áàpù rẹ́ kí wọ́n tún gbé e padà sórí iPad ni àtúnṣe rẹ̀, ṣùgbọ́n ìyẹn ń fẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì, tí kò sí nínú ọkọ̀ lójú ọ̀nà ìgbéra. Àwọn ọkọ̀ kan ní láti padà sẹ́nu géètì lọ wá Wi-Fi. Ilé iṣẹ́ olówó gọbọi ni, ọ̀nà ìpínkiri wọn sì já geere. Síbẹ̀ àṣìṣe kékeré kan dá èrò dúró. Télọ̀ tó gba APK lórí Xender ní oṣù mẹ́jọ sẹ́yìn, tí àṣìṣe wà nínú ẹ̀yà tó gbà, ta ni yóò wá a kàn?

Nítorí èyí ni àwọn kan ṣe gbà pé kí ènìyàn má tiẹ̀ ṣe áàpù rárá, kí ó ṣe ìkànnì tó lè dúró lójú fóònù bí áàpù. Àwọn òyìnbó ń pè é ní progressive web app láti 2015. Ẹ̀yà tuntun kì í ṣòro níbẹ̀, kò sì sí ẹni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò. Fún áàpù tí ènìyàn ń ṣí lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ó dára. Ṣùgbọ́n ní oṣù Kejì 2024, Apple ní àwọn fẹ́ mú un kúrò lórí iPhone ní ilẹ̀ Yúróòpù, wọ́n sì yí ohùn padà ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹta. Àwọn tó ti gbé ọjà wọn ka orí rẹ̀ kò sùn dáadáa láàárín ọ̀sẹ̀ wọ̀nyẹn.

Gbogbo ọ̀nà tí a ti ń kà yìí, ọ̀nà ẹrù ni wọ́n. Síbẹ̀, ènìyàn ló ń gbé ọjà dé ọ̀dọ̀ ènìyàn. Nígbà tí Square, ilé iṣẹ́ tó ń bá ọlọ́jà gba owó káàdì, bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà, kì í ṣe áàpù ni wọ́n fi ṣíwájú. Nǹkan funfun kékeré kan tí wọ́n ń ki sínú ihò íàpíìsì fóònù, tó ń ka káàdì báǹkì, ni wọ́n fi ń ránṣẹ́ sí àwọn ọlọ́jà lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹni tó bá ti mú un lọ́wọ́ yóò wá áàpù rẹ̀ lọ fúnra rẹ̀. Ní Nàìjíríà, ẹni tó jókòó sábẹ́ agboòrùn pẹ̀lú POS Moniepoint kò dáńlóòdù ohunkóhun sínú ẹ̀rọ yẹn. Ó gbà á pẹ̀lú áàpù nínú rẹ̀. Hello Tractor, tó bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà ní 2014 láti máa so àgbẹ̀ pọ̀ mọ́ ẹni tó ní katakata, kò dúró kí àgbẹ̀ kọ̀ọ̀kan tó ní fóònù ńlá. Aṣojú wà láàárín àwọn àgbẹ̀ tó ń kó ìbéèrè wọn jọ, tó sì ń tẹ̀ ẹ́ sínú áàpù. Aṣojú yẹn gan-an ni oníbàárà áàpù náà.

Ó yẹ kí ẹni tó fẹ́ ta áàpù télọ̀ lo ọ̀sẹ̀ kan nínú ṣọ́ọ̀bù kí ó tó ná kọ́bọ̀ lórí ìpolówó. Ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ kò ṣòro láti ròyìn. Ọmọkùnrin tó ń pín áàpù á wọlé, á dọ̀bálẹ̀, á ṣàlàyé. Ìyá oníṣọ́ọ̀bù, tó fi téèpù kọ́rùn, á gbọ́, á sì fẹ́ràn rẹ̀. Á na fóònù sí i. Play Store yóò ní kí wọ́n fi Gmail wọlé.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, kí ni páásíwọ́ọ̀dù Gmail yín?"

"Gmail wo? Ọmọ tó ta fóònù fún mi ló ṣe gbogbo ẹ̀."

Bí wọ́n bá borí ìyẹn, fóònù yóò sọ pé àyè ti tán. Fídíò ìgbéyàwó àbúrò wà níbẹ̀, fídíò ìwàásù wà níbẹ̀, àwòrán ankara tí àwọn oníbàárà fi ń sọ irú èyí tí wọ́n fẹ́ sì lé ní ọgọ́rùn-ún lọ́nà mélòó kan. Ọmọkùnrin tó bá ṣèèṣì pa fídíò ìgbéyàwó rẹ́ ti pa ara rẹ̀ rẹ́ kúrò ní gbogbo àdúgbò náà. Aṣojú tó mọṣẹ́ kì í fọwọ́ kan nǹkan kan. Á jẹ́ kí ìyá fúnra rẹ̀ yan èyí tí kò wúlò mọ́. Ẹni tó ṣe áàpù náà, bó bá gbọ́n, á ti rí i pé kò ju MB mélòó kan lọ.

Nígbà tí áàpù bá wọlé tán, ìgbà náà ni iṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Aṣojú tó bá ní "ó ti wọlé o mà, ó dàbọ̀" ti fi àkókò ṣòfò. Ó yẹ kó dúró títí oníbàárà gidi kan á fi wọlé, kí wọ́n wọn ejìká rẹ̀, àyà rẹ̀, ìdí rẹ̀, gígùn apá rẹ̀, kí wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ sínú fóònù lójú ẹsẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìgbà, kì í ṣe ìyá ni yóò máa tẹ̀ ẹ́, ọmọ iṣẹ́ ni. Ìyá ló ń sanwó, ọmọ iṣẹ́ ló ń lò ó. Áàpù tí kò bá fi àyè sílẹ̀ fún ẹni méjì lórí àkántì kan, pẹ̀lú ohun tí ọmọ iṣẹ́ kò gbọ́dọ̀ rí, irú bíi gbèsè àti èrè, kò ní pẹ́ kó kúrò lórí fóònù. Ọmọ iṣẹ́ yìí kan náà ni yóò ṣe fírídọ́ọ̀mù lọ́dún tó ń bọ̀, tí yóò ṣí ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ ní òpópónà mìíràn, tí yóò sì gbé ohun tó ti mọ́ ọn lọ́wọ́ lọ síbẹ̀. Kò sí ìpolówó Facebook tó lè ṣe irú iṣẹ́ yẹn. Ẹni tó bá sì fẹ́ bá télọ̀ púpọ̀ sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ìpàdé ẹgbẹ́ ni Oshkosh tiwọn, alága ẹgbẹ́ ni yóò sì kọ́kọ́ lọ bá, kì í ṣe pé kó kàn yọjú sí ìpàdé.

Owó aṣojú náà ń fẹ́ ọgbọ́n. Bí wọ́n bá ń san án lórí iye fóònù tó gbé áàpù sí, yóò gbé e sórí ti ìyàwó rẹ̀, ti àna rẹ̀, àti ti gbogbo ọ̀dọ́ tó ń jókòó lẹ́nu ọ̀nà wọn. Ìṣirò yóò dára lójú ìwé, kò sì ní sí télọ̀ kan nínú wọn. Ilé iṣẹ́ tó gbọ́n ń san díẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó sì ń san èyí tó pọ̀ lẹ́yìn oṣù kan, bí ìwọ̀n tuntun bá ṣì ń wọ inú áàpù náà.

Ó ku owó ìforúkọsílẹ̀ fúnra rẹ̀. Awakọ̀ òfurufú ní Amẹ́ríkà lè fi káàdì san owó ọdún kan lẹ́ẹ̀kan, kó sì gbàgbé. Owó télọ̀ kì í wọlé bí owó oṣù. Ó ń ya wọlé bí Iléyá bá ń bọ̀, ó ń ya wọlé ní oṣù Kọkànlá àti Kejìlá nígbà tí ìgbéyàwó àti Kérésìmesì bá pàdé, ó sì máa ń gbẹ ní oṣù Kìíní tí owó ilé ìwé ti kó gbogbo rẹ̀ lọ. Ẹni tó bá fi ìránnilétí ìsanwó sí ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní, torí pé bẹ́ẹ̀ ni kàlẹ́ńdà kọ̀ǹpútà rẹ̀ ṣe tò ó, yóò rí bí àwọn oníbàárà ṣe ń já sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá gbé e sí ọ̀sẹ̀ kejì oṣù Kejìlá, tí aṣojú sì gba ṣọ́ọ̀bù kọjá pẹ̀lú POS nígbà tí oníbàárà ṣì tò sẹ́nu ọ̀nà ń dúró de aṣọ wọn, yóò gba tirẹ̀ kí wọ́n tó ti ṣọ́ọ̀bù lọ ṣọdún.